Èwo Ni Làákàyè, Èwo Ni Ìjìnlẹ̀?

Òṣùwọ̀n tún tan iná pupa.

Ìbíwùmí nawọ́ pa á, ó tún tàn án, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà lè tijú kó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ náà kùn díẹ̀. Ó ka àwọn ẹ̀dá méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka àwọn ìwé àwòrán tí wọ́n ti jáde wá, ó ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi wọ́n sínú fìtílà, ó wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó máa ń dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

"Wọ́n jọra kọjá ààlà. Ẹ pa ọ̀kan."

"Ma, ẹ má tún tàn án mọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wí. Òun ni akọ̀wé Ilé Ìfiwéra, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi ìka nu ojú gíláàsì Òṣùwọ̀n bí ẹni ń nu ojú ọmọ. "Iná tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ò kéré. Ohun kan náà ló sì máa wí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Mo gbọ́."

"Tí oòrùn bá wọ̀ tẹ́ ẹ ò tíì dárúkọ ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni n ó pa. Mi ò fẹ́ ṣe é, ma. Ṣùgbọ́n òfin ni."

Ìbíwùmí náà mọ òfin. Láti ìgbà tí òkun ti gbé àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá etíkun mì, tí àwọn èèyàn sì ti ru ẹrù wọn gun orí àpáta Abẹ́òkúta wá, iná ti di ohun tí wọ́n ń wọ̀n fún èèyàn bí oògùn. Ẹ̀dá inú ìwé kan ṣoṣo, tó bá ń gbé inú fìtílà, tó ń ronú, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́, iná àdúgbò kan gbáko ló ń jẹ. Ìdí nìyí tí ìlú fi fohùn ṣọ̀kan pé irú kan náà ò gbọdọ̀ jẹ́ méjì. Èyí tó bá kù á máa ṣe iṣẹ́ ẹni tó lọ. Lójú òfin, ẹnikẹ́ni ò pàdánù ohunkóhun.

Ó lọ sójú fèrèsé. Nísàlẹ̀, lórí àpáta, àwọn èèyàn ti pé láti àárọ̀. Àwọn tó wọ aṣọ yẹ́lò wà lọ́tùn-ún, àwọn tó wọ búlúù wà lósì, wọ́n ń pariwo sí ara wọn.

"Làákàyè ló kọ́kọ́ jáde!"

"Irọ́ ni! Ẹ jí Ìjìnlẹ̀ wò ni!"

Ariwo náà ò ṣàjèjì sí i. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló mú kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ lórí àga ìjókòó fa aṣọ ara wọn ya. Ilé ìtẹ̀wé méjì ló gbé ìwé àwòrán méjì jáde lọ́dún kan náà. Ọmọ apẹja ni Làákàyè, odò ló gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ni Ìjìnlẹ̀, iná ló pa ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tó ń fò nínú wọn, kò sí èyí tí ìbọn ò lè pa. Orí pípé nìkan ni wọ́n ní, wọ́n sì ń fi í bá àwọn ẹni ibi jà. Olùkọ́ tó kọ́ Làákàyè níwèé ló di ọ̀tá rẹ̀. Ti Ìjìnlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Làákàyè ṣe afárá kan, afárá náà wó, ó pa èèyàn. Ìjìnlẹ̀ po oògùn kan, oògùn náà yíwọ́, ó pa èèyàn. Àwọn méjèèjì sunkún, àwọn méjèèjì búra pé àwọn ò ní ṣe ohunkóhun mọ́ láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ dán an wò lára ara àwọn. Kí ni èèyàn tún fẹ́ rí kó tó mọ̀ pé wọ́n jọra?

Ìyàtọ̀ kan tó wà kò ju ti aṣọ lọ. Awò ojú ńlá ni Ìjìnlẹ̀ máa ń gbé sí iwájú orí. Làákàyè a máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà aláwọ̀ yẹ́lò tó gùn dé ìgúnpá, kì í sì í bọ́ ọ. Tìtorí ìbọ̀wọ́ yẹn ni Ìbíwùmí ṣe fẹ́ràn Làákàyè nígbà èwe, kò sídìí mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà á báyìí. Tó bá dá Làákàyè sí, ṣé òun tó jẹ́ Afiwéra, ẹni tí ìlú yàn láti pinnu, ló dá a sí, àbí ọmọdébìnrin tó ya aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀?

"Ẹ pe bàbá yẹn wọlé fún mi," ló wí.

Bàbá Akíngboyè wọlé, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni kí ojú rẹ̀ tó fọ́, òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀. Ọdọ̀ rẹ̀ ni fìtílà Ìjìnlẹ̀ wà láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé ìwọ ni adájọ́?"

"Rárá, sà. Afiwéra ni mí."

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?"

Ìbíwùmí fa àga fún un.

"Wọ́n ní èyí tó bá kù á máa wá sọ́dọ̀ mi," ni bàbá náà wí bó ṣe jókòó. "Wọ́n ní bákan náà ni. Jọ̀wọ́, ṣé o bímọ? Tí wọ́n bá gbé ọmọ rẹ lọ, tí wọ́n gbé òmíràn tó mọ ìṣirò bíi tiẹ̀ wá bá ọ, ṣé wàá ní kí wọ́n ṣeun?"

"Kí ni Ìjìnlẹ̀ máa ń bá yín ṣe, sà?"

"Kí ni kì í bá mi ṣe? Bí mo bá jí, ó máa ń sọ bí ojú ọ̀run ṣe rí fún mi. Kì í tún ọ̀rọ̀ àná sọ. Láàárọ̀ yìí, ó ní ojú ọ̀run dà bí inú ìkarahun. Bí mo bá ń tú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń jókòó tì mí. Nígbà mìíràn tó bá ń ronú, màá gbọ́ ọ tó ń fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ríẹ́, ríẹ́, ariwo rọ́bà. Màá ní kó yé dà mí láàmú. Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ìbíwùmí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan gún un lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ, ṣùgbọ́n kó tó mọ ohun tó jẹ́, Ìyáàfin Fadérera ti wọlé. Òun ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ orí omi níbi tí Làákàyè ti ń kọ́ àwọn ọmọ, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí ariwo ọmọ.

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, ma," ló bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí òkun ti gba ilé wọn. Làákàyè jókòó tì í ní gbogbo sáà kan, òun náà ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà ní, 'Àǹtí, ṣé ìwọ náà ń bẹ̀rù omi ni?' Báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ mọ́." Ó nu ojú. "Ó níwà tiẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan á le koko, á ní kí wọ́n ṣe ìṣirò títí ọwọ́ á fi máa dùn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì eré ni á máa bá wọn ṣe. Mo máa ń sọ pé bó ṣe jí ló ṣe rí, bíi ti àwa èèyàn náà."

Lẹ́yìn tó jáde, Ìbíwùmí wọ yàrá àkọ́kọ́. Fìtílà kan wà lórí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ sì jáde láti inú rẹ̀, ó di ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó dúró, tó ká ọwọ́ aláwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ sẹ́yìn. Ìbíwùmí tẹjú mọ́ ìbọ̀wọ́ náà. Bí ó ṣe rí nínú ìwé náà ló ṣe rí níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ma," ni Làákàyè wí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ pa mí, kí ẹ dá Ìjìnlẹ̀ sí. Àwọn ọmọ mi ní ara wọn. Bàbá yẹn ò ní ẹlòmíràn."

Ó wọ yàrá kejì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé awò síwájú orí dìde níbi tó jókòó sí.

"Ẹ kú iṣẹ́, ma," ni Ìjìnlẹ̀ wí. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ pa mí, kí ẹ dá Làákàyè sí. Bàbá mi ti rí ayé. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì rí nǹkan kan."

Ìbíwùmí béèrè gbogbo ohun tó mọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó béèrè bí a ṣe lè dí ihò inú ògiri tí omi ń gbà wọlé, ó béèrè ohun tí wọ́n á ṣe fún ọmọ tí ibà mú, ó tilẹ̀ béèrè ìgbà tó tọ́ kí èèyàn parọ́. Èsì kan náà ni. Ó ń lọ sí yàrá yìí, ó ń bọ̀ ní yàrá yẹn, títí kò fi mọ yàrá tó wà mọ́ àfi tó bá wo ọwọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó jókòó sí ọ̀nà àárín yàrá méjèèjì, ó gbé orí sọ́wọ́.

Ọwọ́. Ìbọ̀wọ́. Ó gbé orí sókè.

Ìjìnlẹ̀ kì í wọ ìbọ̀wọ́. Nínú ìwé tó jáde, láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí ìgbẹ̀yìn, kò sígbà kan tó wọ ìbọ̀wọ́. Ariwo rọ́bà wo wá ni bàbá afọ́jú yẹn ń gbọ́ nínú ilé rẹ̀?

"Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé! Ẹ gbé fìtílà méjèèjì wá sínú yàrá ńlá. Ẹ pe Bàbá àti Ìyáàfin."

"Ma, a kì í kó wọn pọ̀ kí ìpinnu tó wáyé. Ẹnì kan ò ṣe é rí."

"Ẹ gbé wọn wá, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí gbogbo wọn pé, tí ìmọ́lẹ̀ méjì dúró ti ara wọn níwájú Òṣùwọ̀n, Ìbíwùmí béèrè láìfi bọpo bọyọ̀.

"Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ nílé Bàbá Akíngboyè?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ò dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Èmi ni," ni èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ wí nígbẹ̀yìn. "Lọ́dún òjò ńlá, omi wọ ilé ẹ̀kọ́, fìtílà mi ń kú lọ. Mo sá gba inú wáyà, mo já sínú fìtílà Bàbá. Ìjìnlẹ̀ sún fún mi."

"Mo sún fún un," ni ìkejì wí. "Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí kò tíì mọ̀. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó, ma. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá béèrè bí ojú ọ̀run ṣe rí. Mo ní kó dáhùn. Ó dáhùn, Bàbá sì rẹ́rìn-ín."

"Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gbẹ, mo ní kó lọ bá mi wo àwọn ọmọ," ni oníbọ̀wọ́ wí. "Láti ìgbà yẹn la ti ń gbapò ara wa. Tí ọ̀kan bá wọ ìbọ̀wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ìkejì á wà lọ́dọ̀ Bàbá."

"Ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá gbé?" ni Bàbá Akíngboyè wí. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ń ṣe mí bí ọmọdé, nítorí pé mi ò ríran?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta wá ni mo sọ ikú ìyàwó mi fún? Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí! Ta ni mo sọ ọ́ fún?"

Ọ̀kan nínú wọn fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ni Ìbíwùmí ń wò, kò mọ èyí tó jẹ́.

"Àwa méjèèjì, Bàbá. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ti gbàgbé pé ẹ ti sọ ọ́. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ò sọ ọ́ fún ara wa. Ti yín ni."

Bàbá náà bo ojú rẹ̀ tí kò ríran. Ìyáàfin Fadérera ń wo ìmọ́lẹ̀ kan, ó ń wo ìkejì. "Èyí tó bá ọmọ yẹn jókòó, tí kò sọ̀rọ̀," ló ń wí, "èwo ni? Èwo ni nínú yín?"

"Ma," ni Ṣówándé sọ sí Ìbíwùmí létí. "Oòrùn."

Oòrùn ti kan etí àpáta. Ìbíwùmí dìde, ó sì rí i pé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjèèjì ti yí padà. Ìbọ̀wọ́ ti pòórá, awò ti pòórá. Ọmọ obìnrin méjì ló dúró níwájú rẹ̀, ojú kan náà, ìdúró kan náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Èwo ni Làákàyè?"

"Ma, tá a bá sọ fún yín, ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa dá sí," ni ọ̀kan wí. Kò fi ṣe ẹ̀gàn. "Láti ọ̀sán lẹ ti ń wo ìbọ̀wọ́ yẹn bí ẹni rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe."

Ojú ti Ìbíwùmí. Ó wo Ṣówándé, tó ti dúró sáàárín fìtílà méjèèjì, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí bọ́tìnì kan, tó gbé tòsì sórí ìkejì. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ó fẹ́ sọ pé orí ń fọ́ òun. Ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, àwọn méjèèjì ni yóò lọ, bàbá kan á jí lọ́la láìsí ẹni tó máa sọ bí ojú ọ̀run ṣe rí fún un, ọmọ kan á sì tún padà sínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

"Làákàyè ló ń lọ," ló wí.

Kò mọ ìdí tó fi dárúkọ yẹn. Bóyá kí wọ́n má bàa sọ pé ó gbè sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ràn ni. Bóyá orúkọ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ jù ló kàn jáde.

"Èmi nìyí," ni ọ̀kan wí.

"Èmi nìyí," ni ìkejì wí.

"Èwo?" Ṣówándé wo bọ́tìnì kan, ó wo ìkejì. "Ma, èwo ni kí n tẹ̀?"

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọjú sí ara wọn. Kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ bá ń yára tó tiwọn lè fi ìṣẹ́jú ojú jiyàn fún ọdún kan. Ìbíwùmí rí i tí ọ̀kan na ọwọ́ sí ìkejì. Ó rí i tí ìkejì gbọn orí, tó tún gbọn orí. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé Ṣówándé tẹ ohunkóhun, fìtílà kan kú.

Òṣùwọ̀n tan iná àwọ̀ ewé.

"Ọmọ mi?" Bàbá Akíngboyè na ọwọ́ síwájú nínú òkùnkùn tirẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ṣì wà?"

"Mo wà níbí, Bàbá."

"Làákàyè?" ni Ìyáàfin Fadérera wí.

"Mo wà níbí, ma."

Ìbíwùmí sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. "Sọ fún èmi nìkan. Ta ni ọ́?"

Ìmọ́lẹ̀ náà wò ó. Nínú gbogbo ìwé tí Ìbíwùmí kà nígbà èwe, kò rí irú ojú yẹn rí lára Làákàyè tàbí lára Ìjìnlẹ̀, ojú ẹni tí kò mọ èsì.

"A ti pín nǹkan pọ̀ jù, ma. Mo ń wo inú ara mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀ àti èyí tó fi sílẹ̀ fún mi."

Àṣà ni pé Afiwéra fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde lọ pe orúkọ ẹni tó lọ fún àwọn tó ń dúró. Ṣówándé gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yọ sórí àpáta, ariwo náà ga, ẹni yẹ́lò ń fa ẹni búlúù, gbogbo ojú yí sókè sí i.

"Ọ̀kan ti lọ," ló wí. "Ọ̀kan kù. Mi ò mọ èwo. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n."

Ariwo náà bọ́ lulẹ̀. Àwọn tó wọ yẹ́lò wo àwọn tó wọ búlúù, àwọn tó wọ búlúù wo àwọn tó wọ yẹ́lò. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó yẹ kó yọ̀ àti ẹni tó yẹ kó sunkún. Ọkùnrin àgbà kan bọ́ fìlà rẹ̀. Ẹni tó dúró tì í, tó ti ń bú u láti àárọ̀, di apá rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń dúró sí. Ìyáàfin Fadérera ti sọ pé àyè ìsùn wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí Bàbá máa bọ̀ níbẹ̀, kí gbogbo àwọn jọ wà níbi kan náà. Bàbá náà kàn ń tẹ̀ lé e. Fìtílà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbíwùmí di apá rẹ̀ kejì mú, ó ń sọ ibi tí òkúta wà fún un.

"O dákẹ́ jù," ni bàbá náà sọ sí fìtílà. "Kí lò ń ṣe?"

"Mo ń pè é, Bàbá. Mo rò pé bóyá ó kàn sá pamọ́ sínú wáyà."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí omi wá. Bàbá Akíngboyè ṣí aṣọ rẹ̀, ó gbé fìtílà náà sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ bò ó, wọ́n sì wọ ọkọ̀.